Ojú Ènìyàn Kì í Ṣe Ìwé Ẹ̀rí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa ti oṣù yìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ilé ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ojú ni.

Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ìwé ẹjọ́ ẹgbẹ́ pẹ́ yóò mọ̀ pé oríṣi ẹjọ́ mẹ́ta kan wà tí kì í tán láàárín wa. Èkíní ni ti ẹni tí ó wí pé, "Wọ́n rí mi lọ́jà, wọ́n wò mí lójú kedere, wọn kò dá mi lóhùn." Èkejì ni ti àgbà tí ó gbé owó fún ẹni tí kò mọ̀ rí nítorí pé ojú onítọ̀hún fani mọ́ra, tí owó náà sì wọ̀gbẹ́. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: ẹnìkan kígbe pé, "Mo mọ ojú olè náà, ẹni yìí ni!", kí a tó ṣẹ́jú, àwọn èrò ti bo ọmọ ọlọ́mọ.

Lójú tiwa, ibi kan náà ni ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣẹ̀ wá. A gbà láàárín ara wa pé bí ojú bá ti rí ojú, òtítọ́ ti dé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹyinjú ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ọpọlọ ni ó ń sọ ẹni tí a rí fún wa. Ọjọ́ orí a máa yí iṣẹ́ ọpọlọ yìí padà. Ẹ̀rù, ìbínú àti ayọ̀ a máa yí i padà pẹ̀lú. Nítorí náà a ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ṣe òfin díẹ̀ lórí rẹ̀, a ó sì ka àwọn òfin náà sílẹ̀ kí a tó parí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ọpọlọ ti ń ṣe é. Ojú kì í ṣe ohun tí à ń wò bí a ti ń wo ìgò tàbí bàtà. Láti ọjọ́ ìbí ni ó ti yàtọ̀. Ní 1975 àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi àwòrán han àwọn ọmọ tuntun tí wọn kò tíì lò ju bí ìṣẹ́jú 9 lọ ní ayé. Àwòrán tí ojú, imú àti ẹnu wà ní ipò wọn ni àwọn ọmọ náà yí orí tẹ̀lé jù, wọn kò tẹ̀lé èyí tí a da ipò rẹ̀ rú tó bẹ́ẹ̀. Ní 1997 obìnrin onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Nancy Kanwisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú orí wo àwọn ènìyàn, wọ́n sì rí ibì kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ lápá ẹ̀yìn, ní apá ọ̀tún jù ti òsì lọ, tí ń ta kìjí bí a bá fi ojú ènìyàn hàn, tí kì í ta bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ ilé tàbí ohun èlò ni a fi hàn.

Ọpọlọ kì í ka imú lọ́tọ̀, kí ó ka ẹnu lọ́tọ̀, kí ó tó wá ṣírò wọn pọ̀. Ó ń gbé gbogbo ojú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹ̀rí èyí, kí ó mú kàlẹ́ńdà tí fọ́tò àwọn ènìyàn pàtàkì wà lára rẹ̀, kí ó dorí rẹ̀ kodò, kí ó sì sọ fún ọmọdé kan kí ó dárúkọ wọn. Wàhálà ni yóò jẹ́. Láti 1969 ni ọ̀gbẹ́ni Robert Yin ti fi hàn pé dídorí kodò ń da ojú rú fún wa ju bí ó ti ń da ilé tàbí ọkọ̀ rú lọ.

Níwọ̀n bí iṣẹ́ yìí ti ní ibi tirẹ̀ nínú ọpọlọ, ó lè bàjẹ́ nígbà tí àwọn iṣẹ́ yòókù ṣì dára. Ní 1947 dókítà ará Jámánì kan, Joachim Bodamer, kọ ìwé lórí àwọn ọmọ ogun tí a ṣe léṣe ní orí. Ojú wọn ríran, wọ́n ń sọ̀rọ̀ tó já gaara, ṣùgbọ́n wọn kò dá ojú ará ilé wọn mọ̀ mọ́. Ohùn àti ìrìn ni wọ́n fi ń mọ ènìyàn. Àwọn mìíràn sì wà tí a bí i mọ́, láìsí ọgbẹ́ kankan. Àwọn onímọ̀ fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nínú 100 ènìyàn, bí 2 ni ó wà bẹ́ẹ̀. Ẹ ka iye ènìyàn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ wa, kí ẹ sì ṣírò. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan wà láàárín wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní agbéraga, tí ó sì jẹ́ pé kò mọ̀ wá lójú ni.

Ẹ tún kíyè sí i pé ibi tí ojú ń gbé nínú ọpọlọ kọ́ ni orúkọ ń gbé. Ìdí nìyí tí a fi ń wí pé, "Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni kò wá sí mi lẹ́nu." Kì í ṣe ẹ̀gàn.

Nísinsìnyí ó kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọmọ ogún ọdún ni iyè rẹ̀ mú jù nínú ohun gbogbo. Ti ojú kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2011 Laura Germine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wò, wọ́n sì rí i pé ìgbà tí ènìyàn bá ti lé díẹ̀ ní ẹni ọdún 30 ni agbára kíkọ́ ojú tuntun ń dé góńgó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àgbà tí ó bá wà ní 70 lè mọ ojú ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí òkè ní ìgbà èwe, kí ó má sì mọ ojú ọmọ tí a fi hàn án ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá. Àtijọ́ dúró, tuntun ni kì í dúró. Bí ìkùukùu bá tún bo ẹyinjú rẹ̀, bí ó ti ń bo ti ọ̀pọ̀ àgbà, ó di méjì.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn ìwádìí púpọ̀ tí Matthew Rhodes àti Jeffrey Anastasi kó jọ ní 2012 fi hàn pé olúkúlùkù ń mọ ojú ẹgbẹ́ rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ọmọdé ń mọ ojú ọmọdé, àgbà ń mọ ojú àgbà. Nítorí náà bí Bàbá kò bá mọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn ní ọjà àná, ọ̀dọ́mọkùnrin náà, bí a bá kó bàbá arúgbó márùn-ún jọ síwájú rẹ̀, lè má mọ èwo ni èwo. Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni ó ń mọ̀.

Èyí sì kan àwa àtìpó ní pàtàkì. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀ffà dé yóò wí pé gbogbo àwọn oníbàárà òun jọ ara wọn. Àwọn ọmọ onílé náà ń wí bẹ́ẹ̀ nípa wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín: wọn kì í ṣi Màláàmù kan pè fún èkejì. Irú rẹ̀ ni a rí nínú àwọn ọmọ Korea tí àwọn ará Faransé gbà tọ́ láti kékeré. Nígbà tí a dán wọn wò ní àgbà, tí a sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2005, ojú àwọn òyìnbó ni wọ́n ń mọ̀ ju ojú àwọn ará Korea tí a ti bí wọn lọ. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni ó ń kọ́ ọpọlọ ní ojú, ibùgbé ni.

Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ojú a máa ṣòro, bóyá èyí wà lára ohun tí ó mú kí ilà wúlò fún wọn. Àbàjà, gọ̀ǹbọ́, pélé: ẹni tí ó bá rí i mọ ilé àti ìlú. Ṣùgbọ́n ilà kò sọ ìwà ẹni fún wa rí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ ní 2003 sì ka kíkọ ara ọmọdé léèwọ̀, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò sì ní ilà mọ́. Àgbà tí ó ti fi ilà mọ ènìyàn láti èwe ti pàdánù ọ̀pá ìtìlẹ̀ kan nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a ràn wọ́n lọ́wọ́ dípò kí a máa bínú sí wọn.

A wá kan ọ̀rọ̀ owó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí ènìyàn ti ń dàgbà, ọkàn rẹ̀ ń wá ire ju ibi lọ. Ní 2003 Mara Mather àti Laura Carstensen fi ojú méjì méjì han ọ̀dọ́ àti àgbà, ọ̀kan kò rẹ́rìn-ín kò bínú, èkejì ń rẹ́rìn-ín tàbí ó ń bínú tàbí ó fajúro. Ojú àwọn àgbà kúrò lára èyí tí ó burú, èyí tí ó tújú ká sì ni wọ́n rántí jù. Ìwádìí mìíràn ní 2004 wo ẹ̀yà ọpọlọ kékeré kan tí a ń pè ní amygdala. Méjì ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ó sì wà lára ohun tí ń ta wá jí sí ewu. A rí i pé nínú àwọn àgbà, àwòrán tí ó dára ń ta á jí ju èyí tí ó burú lọ. Ìwádìí púpọ̀ tí a kó jọ ní 2008 sì fi hàn pé àgbà a máa ṣòro fún láti mọ ojú ìbínú, ojú ìbànújẹ́ àti ojú ẹ̀rù ju ọ̀dọ́ lọ.

Ìbùkún ni èyí, a kò sẹ́. Òun ni ó ń mú kí àgbà lè pẹ̀tù sí ìjà tí ọ̀dọ́ ìbá fi ọ̀bẹ parí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ìbùkún wà náà ni gbájúẹ̀ ń ba sí. Ní 2012 àwọn onímọ̀ ní Los Angeles fi fọ́tò han àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì fi han àwọn ẹni ọdún 55 sókè. Lórí ojú tí ó dára, ọ̀rọ̀ wọn kò yàtọ̀. Lórí ojú tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, irú ẹni tí kò wo ènìyàn gán-án, tí ẹ̀rín rẹ̀ kò kúrò ní ètè, àwọn àgbà wí pé ẹni náà ṣeé sún mọ́. Ibì kan tún wà nínú ọpọlọ tí ó máa ń fún wa ní ìfura nínú ikùn, ti àwọn àgbà kò sì ta jí tó ti ọ̀dọ́.

Ẹ gbọ́ ọ dáradára. Kì í ṣe pé àgbà gọ̀. Agogo ìfura ni kò dún sókè tó ti àtijọ́. Gbájúẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìka ìwé kankan. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìsọ̀ àwọn àgbà ni ó ń yà sí, tí ó ń kúnlẹ̀, tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó ń pè wọ́n ní bàbá. A ti rí oníṣòwò tí ó fi ogójì ọdún kó ọjà jọ, tí ọmọ tí ó dára lójú kan fi ọ̀sán kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará ilé ń bú u pé ó ti ya dìndìnrìn. Ẹ yé bú wọn mọ́. Ìtìjú náà ni kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn wí nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí i.

Ẹ̀rù ni ó kù. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Àwọn bàbá wa kò ní ẹ̀rọ tí ń wo inú orí, wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀rù a máa kun ohun tí a rí. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní S.M. láti bo orúkọ rẹ̀. Àìsàn ba amygdala rẹ̀ méjèèjì jẹ́, nígbà tí a sì fi ojú ẹni tí ẹ̀rù bà hàn án, kò mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Ní 1994 ni a kọ ọ́ sínú ìwé. Ní 2005 a rí ìdí rẹ̀: kò ń wo ẹyinjú ènìyàn. Nígbà tí a wí fún un pé kí ó wo ẹyinjú, ó mọ̀ ọ́n. Èyí kọ́ wa pé ibi tí a bá gbé ojú lé ni ó ń sọ ohun tí a ó rí. Ẹni tí a yọ ìbọn sí, ẹnu ìbọn ni ó ń wò, kì í wo olè. Bí ó bá sì wo olè náà, jìnnìjìnnì lè ba ohun tí ó rí jẹ́.

Ẹ gbọ́ ti Jennifer Thompson. Ní 1984, ní ìlú Burlington ní North Carolina, ọkùnrin kan já wọ ilé rẹ̀ lóru, ó sì fipá bá a lòpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí orí rẹ̀ pé ni, ó sì fi gbogbo ọkàn kọ́ ojú ọkùnrin náà sórí kí ó lè mú un lọ́jọ́ mìíràn. Ó tọ́ka sí Ronald Cotton nínú fọ́tò, ó tún tọ́ka sí i nígbà tí a to àwọn ènìyàn síwájú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n rán Cotton lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Lẹ́yìn náà a mú Bobby Poole, ẹni tí ó ṣe é gan-an, wá síwájú rẹ̀ ní kóòtù, ó sì wí pé òun kò rí i rí. Ní 1995 ni àyẹ̀wò tuntun tí a ń pè ní DNA dá Cotton sílẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti lo ọdún tí ó lé ní 10. Obìnrin yìí kò purọ́. Ojú rẹ̀ ni ó tàn án.

Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí adájọ́, lọ́yà àti ọlọ́pàá wà, kí ni kì yóò ṣẹlẹ̀ lójú títì, níbi tí táyà àti kẹrosín-ìnì ti ń ṣe adájọ́? Àwa àlejò ni ó yẹ kí ó bẹ̀rù rẹ̀ jù. Àwọn tí ó wà ní Kano ní oṣù July 1999, nígbà tí ìjà Ṣàgámù ran dé òkè yìí, mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ẹ̀yà ẹni di ẹ̀ṣẹ̀ ẹni. Bí a kò bá fẹ́ kí a fi ojú dá wa lẹ́jọ́, kí àwa náà má ṣe fi ojú dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ìbáà ṣe ọmọ wa, ìbáà ṣe ọmọ onílé.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Ṣé kì í ṣe Yorùbá ni ó wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí òwe náà ń wí ni pé kí ènìyàn méjì tí ó ní ọ̀rọ̀ jókòó, kí wọ́n wo ara wọn, kí wọ́n sọ ọ́. Kò wí pé kí a wo ojú kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́nà jíjìn, kí a sì dájọ́. Ẹlòmíràn yóò wí pé a fẹ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àgbà. Rárá o. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ohun tí àgbà kò rí, kí ojú ọ̀dọ́ bá a rí i. Ohun tí ọ̀dọ́ fẹ́ fi ìbínú bàjẹ́, kí ọkàn àgbà tún un ṣe.

Àwọn òfin tí a ń bẹ ìgbìmọ̀ láti gbé yẹ̀ wò nìwọ̀nyí.

Èkíní, kí ọ̀dọ́ tí ó bá kí àgbà máa dárúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, láìdúró kí a bi í. Ní ìpàdé, kí olúkúlùkù tí ó bá dìde láti sọ̀rọ̀ dárúkọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ má sì gba ẹjọ́ "ó rí mi, kò kí mi" mọ́, àfi bí a bá ti kọ́kọ́ bi ẹni náà bóyá ó mọ ẹni tí ó rí.

Èkejì, kí owó ẹgbẹ́ má ṣe tọwọ́ ẹnikẹ́ni lọ sí ọwọ́ àlejò láìjẹ́ pé ènìyàn méjì wà níbẹ̀, àgbà kan àti ẹni tí kò tíì pé 45. Nínú òwò ti ara wa, ẹni tí ó ti lé ní 60, kí ó wí fún àlejò tí ó bá fẹ́ àwìn tàbí àjọṣe pé, "Padà wá lọ́la, ọmọ mi yóò wà níbí." Olóòótọ́ yóò padà wá.

Ẹ̀kẹta, bí a bá ja ẹnìkan lólè, kí ó jókòó, kí á kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ kíákíá kí ó tó gbọ́ ti ẹlòmíràn: gíga, aṣọ, ohùn, èdè, ọ̀nà tí ó gbà lọ. Bí a bá mú ẹnìkan, ọlọ́pàá ni kí a fà á lé lọ́wọ́, kí ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa má kàn án. Bí a bá fẹ́ kí ẹni tí a jà lólè tọ́ka sí ojú, kí ẹni tí ń fi wọ́n hàn án má mọ èwo ni a fura sí, kí a sì wí fún un pé olè náà lè má sí níbẹ̀. Kí a tún wá ẹ̀rí mìíràn tì í.

Ẹ̀kẹrin, kí a máa mú àwọn àgbà wa lọ fún àyẹ̀wò ojú. Ẹni tí ó bá sì dédé kò mọ ojú ará ilé rẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí ó lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ni ó kọlu ọpọlọ. Àìsàn kan tún wà tí dókítà ará Faransé, Joseph Capgras, ṣàlàyé ní 1923: aláìsàn yóò wí pé ẹni yìí jọ ìyàwó òun, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun, ẹlòmíràn ni ó gbé àwọ̀ rẹ̀ wọ̀. Ó máa ń bá àwọn kan tí iyè wọn ń rà ní ọjọ́ ogbó. Ó mọ ojú, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ojú náà máa ń ru sókè nínú rẹ̀ kò dìde. Kí ẹnikẹ́ni má pe ìyàwó náà ní àjẹ́, kí a má sì na bàbá náà ní ilé àdúrà.

Òfin mẹ́rin yìí kò ná wa lówó púpọ̀. Bí a bá gbà wọ́n, ìjà yóò dín kù, owó àwọn àgbà wa yóò dúró lọ́wọ́ wọn, a kò sì ní jẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀. Ẹ gbé e yẹ̀ wò nílé, kí ẹ sì mú èsì wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run fún wa ní ojú tí ń ríran àti ọkàn tí ń fara balẹ̀. Ire o.